Ilé àtijọ́ ní Sùúrùlérè: ẹ ka àwọn ọmọ olóògbé kí ẹ tó ka yàrá

Ẹ ti bi mí léèrè bóyá ẹ lè ra ilé ilẹ̀ àtijọ́ kan ní Sùúrùlérè, kí ẹ wó o, kí ẹ kọ́ alájà mẹ́rin síbẹ̀, torí survey ti wà. Survey kọ́ ló ń sọ ẹni tó nilé. Ìwọ̀n ilẹ̀ àti ibi tó wà nìkan ló ń sọ.

LEDB (Lagos Executive Development Board), àjọ tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928 nígbà àjàkálẹ̀ àrùn eku, ló bẹ̀rẹ̀ sí í wó Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1955, tó sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ní 1972 ó di ara LSDPC, àjọ ilé kíkọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ béèrè ìwé ilé tí ọ̀kan nínú àjọ méjèèjì fún onílé. Bó bá jẹ́ lease (àyálò ilẹ̀ fún iye ọdún kan), ẹ wo iye ọdún tó kù.

Ibi tó ń dunni nìyí: ẹni tórúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé lè ti kú tipẹ́. Bí kò bá ṣe wíìlì, lábẹ́ àṣà Yorùbá, ilé ti di ti ẹbí. Àkọ́bí á ní òun lolórí ẹbí, òun lè dá tà á. Irọ́ ni. Bó bá tà á láìbá àwọn àgbà ẹ̀ka yòókù sọ̀rọ̀, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Bí ọmọ ẹbí mìíràn bá sì tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, lójú òfin kò tà nǹkan kan. Torí náà, ẹ ka àwọn ìyàwó. Ìdí-igi ni wọ́n sábà fi ń pín irú ogún yìí: ìyàwó tó bí ọmọ kan ṣoṣo, ẹ̀ka kan lòun náà. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Èyí tó wà ní London ńkọ́? Kó fi power of attorney (ìwé tó fi yan aṣojú) tí notary, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, lù lóǹtẹ̀ ránṣẹ́; ohùn orí WhatsApp kì í ṣe ìfọwọ́síwèé. Ẹ gba letter of administration, ìwé tí ilé ẹjọ́ fi ń yan àwọn tó máa bójú tó ogún olóògbé, kí gbogbo orúkọ inú rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé títà. Ẹ má sanwó sínú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo.

Lọ́yà tí ẹbí mú wá, ẹbí ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ mú tiyín. Ní ọ́fíìsì ilẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan kì í “rí” fáìlì àfi tí ẹ bá mú nǹkan wá: ẹ sanwó sápò ìjọba nìkan, kí ẹ gba rìsíìtì. Lẹ́yìn náà, ẹ gba consent (ìfọwọ́sí) gómìnà. Òfin ilẹ̀ 1978 kò yọ̀ǹda títà láìsí i.

Ayálégbé wà níbẹ̀? Ẹni tó ń san lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà lábẹ́ òfin Èkó 2011, àyàfi tí àdéhùn wọn bá sọ òmíràn. Ọmọ olóògbé tó ń gbé yàrá kan lọ́fẹ̀ẹ́ ló máa ń le jù. Kó jáde kí ẹ tó san àṣẹ́kù.

Alájà mẹ́rin? LASPPPA, àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ ilé kíkọ́ ní Èkó, ló máa sọ, lẹ́yìn soil test (àyẹ̀wò agbára ilẹ̀). Bí bíríkìlà bá ní ìpìlẹ̀ àtijọ́ á gbé e, ẹ wá ẹlòmíràn.