Wọ́n ní ká fowó kún un ká gba yàrá tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́: ṣé ká gbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi àti ìyàwó mi ti sanwó yàrá inú, èyí tí kò ní fèrèsé, fún ìrìnàjò ọjọ́ méje lórí omi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà fi ímeèlì ránṣẹ́ pé ká dá iye tí agbára wa ká lé yàrá tó ní bákónì, pé bí owó wa bá wọlé, wọn yóò gbé wa lọ síbẹ̀. Iye tó kéré jù tí wọ́n gbà ká dá kò wọ́n rárá. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì tẹ bọ́tìnì kankan. Iye kékeré tí ẹ rí yẹn, ti ẹnì kan ni. Orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń ka owó yìí sí, wọ́n á sì gbà á lórí ẹni méjì. Bí ẹ bá kọ 150, 300 ni wọn yóò yọ nínú káàdì yín. Ẹni tó dá wà nínú yàrá pàápàá sábà máa ń san ti ẹni méjì. Bí ó bá sì jẹ́ súìtì, ìyẹn yàrá ńlá olówó gọbọi, lẹ ń lé, owó ọpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń kà lójoojúmọ́ máa ń ju ti yàrá lásán lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọjọ́ méjèèje, kí ẹ sì rò ó mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí ìkànnì iléeṣẹ́ náà, ẹ ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra yàrá oníbákónì nínú ọkọ̀ yẹn gan-an, fún ọjọ́ ìrìnàjò yẹn gan-an. Ẹ yọ iye tí ẹ ti san kúrò nínú iye tí wọ́n ń tà á lónìí. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ibi tí owó yín gbọ́dọ̀ dúró sí, ẹ má kọjá rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí àmì tó ń sọ pé owó yín “lágbára” tàbí “kò lágbára” tì yín síwájú. Kì í fi iye tí àwọn ẹlòmíràn dá hàn yín.

Bí ọjọ́ ìsanwó ìkẹyìn kò bá tíì kọjá (ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìnàjò), tí ìyàtọ̀ owó náà kò sì pọ̀, a rọ̀ yín pé kí ẹ kúkú san án tààrà. Lọ́nà yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó mú nọ́ńbà yàrá. Nínú owó dídá, iléeṣẹ́ ló ń mú un, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kábàámọ̀. Irú yàrá ni wọ́n tà fún yín, wọn kò ta ibi tó wà. Bákónì tó wà lábẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àti bákónì tó wà láàárín dẹ́ẹ̀kì (àjà ọkọ̀) méjì tó jẹ́ kìkì yàrá lè máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ní ti àkọ́kọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọ́ àga lókè orí yín, kọ́rọ́-kọ́rọ́, láti tò wọ́n fún ọjọ́ náà. Ní ti èkejì, ẹ lè má gbọ́ nǹkan kan títí di àárọ̀.

Kí ẹ tó dá owó, ẹ mọ èyí pẹ̀lú: títí wọn yóò fi gbà á, ẹ lè yí iye náà padà tàbí kí ẹ fà á sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti gbà á, ó parí. Wọn kì í dá owó padà, ẹ kò sì lè sọ pé ẹ fẹ́ padà sí yàrá àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ nínú yàrá tó kángun sí tiyín, owó tí ẹ dá kò kan tiwọn. Ẹ lè jí ní dẹ́ẹ̀kì 9, kí àwọn ọmọ yín wà ní dẹ́ẹ̀kì 3. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, tó sì ti gba yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, tí ilé ìwẹ̀ rẹ̀ kò ní àtẹ̀gùn, kó má dá owó kankan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pe iléeṣẹ́ náà lórí fóònù.

Nǹkan kékeré kan tó ń dá wàhálà sílẹ̀: ìròyìn pé wọ́n ti gbà fún yín lè wọlé nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì péré kí ẹ wọ ọkọ̀. Nọ́ńbà yàrá àtijọ́ ló wà lára páálí ìdánimọ̀ ẹrù tí ẹ ti tẹ̀ jáde. Ẹ tẹ òmíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iwájú ilẹ̀kùn ẹlòmíràn ni àpótí yín yóò sùn sí.

ÌBÉÈRÈ: Èébì ọkọ̀ máa ń yọ mí lẹ́nu, nítorí náà mo fara balẹ̀ yan yàrá onífèrèsé kan ní àárín ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé iléeṣẹ́ ọkọ̀ lè gbé mi ga sí yàrá tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́, pé kí n máa gbàdúrà. Ṣé àdúrà ni kí n gbà lóòótọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ sọ fún un lónìí pé kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnàjò yín pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n gbé yín kúrò níbi tí ẹ wà. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ní àmì tí wọ́n ń fi sí i fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Yàrá tí ẹ yàn yẹn sàn fún yín ju ọ̀pọ̀ súìtì lọ.

Ẹ wo pákó gígùn tí ọmọdé méjì jókòó sí lórí, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, èkejì ní ìpẹ̀kun òsì. Bí wọ́n ṣe ń fò sókè, tí wọ́n ń bọ̀ nísàlẹ̀, àárín pákó náà kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí ìgbì bá ń gbé iwájú àti ìdí rẹ̀. Tó bá tún ń fì sí ọ̀tún àti òsì, ẹni tó wà lókè ló ń rin ìrìn tó gùn jù, bí ẹni tó wà lórí igi tí afẹ́fẹ́ ń mì. Àwọn yàrá ńlá, àwọn tí wọ́n ń pè ní ìgbéga, sì sábà máa ń wà lókè, tàbí ní iwájú pátápátá, tàbí ní ìdí ọkọ̀. Ìdí ọkọ̀ lẹ́wà, ẹ ó máa wo ipa funfun tí ọkọ̀ ń fà sẹ́yìn lórí omi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ lè máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ nítorí ẹ̀rọ tó ń ti ọkọ̀ wà nítòsí.

Ìsàlẹ̀ ní ìyọnu tirẹ̀ náà, pàápàá ní iwájú. Bí ọkọ̀ bá ń gúnlẹ̀ ní ìdájí, ẹ̀rọ tó ń ti imú ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ á máa ké, ṣéènì ìdákọ̀ró á sì máa dún gbàràgàdà. Àárín tí ẹ wà kò ní gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn wo àwòrán ọkọ̀ náà lórí ìkànnì: kí ló wà ní dẹ́ẹ̀kì tó wà lókè yín, kí ló wà ní èyí tó wà nísàlẹ̀? Ẹ sá fún gbọ̀ngàn ijó, ilé ìdáná àti ilé eré. Ẹ tún wo bóyá ilẹ̀kùn wà láàárín yàrá yín àti ti ẹnìkejì, nítorí ohùn ń gba ibẹ̀ kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí “bákónì” oríṣiríṣi, owó wọn kò sì dọ́gba. Èwo ni kò ní já mi kulẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ béèrè ohun tó kọjú sí. Nínú Oasis of the Seas, ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, àwọn bákónì kan kọjú sí ọgbà tí wọ́n gbìn sí àárín ọkọ̀ gan-an. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ràn ewéko, àmọ́ òkun kò sí níwájú yín, àwọn tó wà ní òdìkejì sì ń rí yín. Ní 2014, Navigator of the Seas gbé èyí tí kò ní ìta kankan dé: ojú amóhùnmáwòrán gíga tó ń fi òkun hàn bó ṣe rí lásìkò náà, nínú yàrá inú. Ọkọ̀ Celebrity Edge ti 2018 ní tirẹ̀ kò fi bákónì síta, gíláàsì tó kọjú sí òkun ló wà ní ìpẹ̀kun yàrá, tí ẹ ó fi bọ́tìnì sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì. Èyí mú yàrá fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jáde síta kó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn kò ní fẹ́ràn rẹ̀.

Èyí tí wọ́n kọ sí pé nǹkan dí i lójú ni ká yẹ̀ wò dáadáa, nítorí ọjà gidi lè wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ìgbàlà ló sábà ń dí i. Bí ó bá rọ̀ sí ìsàlẹ̀ bákónì yín, òrùlé rẹ̀ nìkan lẹ ó rí bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀, òkun á sì mọ́ gaara lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ó bá rọ̀ sí ojú fèrèsé gan-an, ògiri lẹ sanwó fún. Dẹ́ẹ̀kì tí wọ́n fi ọkọ̀ ìgbàlà sí hàn nínú àwòrán, ẹ fi wé tiyín. Ní iwájú ọkọ̀, ẹ tún béèrè bóyá gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ìgbátí bákónì tàbí irin. Bí irin bá ni, ẹni tó jókòó kò ní rí òkun.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ó ṣeé ṣe ká dúró di ọjọ́ tí a bá wọ ọkọ̀ ká tó béèrè?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń kún. Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú, ẹ lọ sí tábìlì ìgbàlejò ní kété tí ẹ bá wọlé, kí ẹ tó tú ẹrù. Ẹ béèrè nọ́ńbà yàrá tó ṣí sílẹ̀, ẹ wá a nínú àwòrán ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì béèrè iye gbogbo owó títí dé ọjọ́ ìkẹyìn, pẹ̀lú owó ọpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, kí ẹ tó na káàdì yín sí wọn.