Bàbá Tó Ń Ṣọ́ Agbára Ná
Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo gbọ́ pé akọ ẹja kan ló ń lóyún. Ṣé irú abo tó bá bá pàdé máa ń yí ìtọ́jú rẹ̀ padà?

Ìdáhùn: Ó ń yí i padà. Pipefish, ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀ tó wà létíkun Texas ní Amẹ́ríkà, ni ẹ ń sọ: abo a yé ẹyin sínú àpò abẹ́ ìrù akọ, akọ a sì máa fún wọn ní afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ títí wọn yóò fi pa. Nínú ìwádìí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Kimberly Paczolt àti Adam Jones, gbé jáde ní 2010, ọmọ tí akọ bá ní pẹ̀lú abo tó tóbi ló ń yè jù nínú àpò náà, bẹ́ẹ̀ ni akọ tó bá ti lo agbára púpọ̀ sórí ọmọ àkọ́kọ́, ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e kì í fi bẹ́ẹ̀ yè. Ẹ má pè é níkà o. Agbára rẹ̀ níwọ̀n ni.