Ẹ Bi Wá: Ṣọ́ọ̀ṣì tí kò lórùlé ní Lisbon

Ẹ kú iṣẹ́ o. London là ń gbé, èmi àti ìyàwó mi lọ lo ọlidé ní Lisbon, la bá dé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Carmo, ògiri wà, òpó wà, ṣùgbọ́n téèyàn bá gbójú sókè, sánmà ló máa rí. Ìyàwó mi ní owó ló tán lọ́wọ́ wọn, èmi ní bọ́ǹbù ogun Hitler ni. Ta ló jàre?
— Bàbá Ìbejì, London

Bàbá Ìbejì, ẹ bá wa kí Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin méjèèjì ò jàre o. Ilẹ̀ ló mì. November 1, 1755 ni, ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, ẹ sì mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí nínú ìjọ Àgùdà, èrò ti kún ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, àbẹ́là ń jó lórí pẹpẹ. Ní nǹkan bí aago 9:40 nilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, òrùlé ń já lu àwọn tó ń gbàdúrà. Àwọn tó ráyè jáde sá lọ sétí odò Tagus torí pé kò sílé tó lè wó lù wọ́n níbẹ̀, àṣé omi ń bọ̀, ó kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, ó wá ru padà, ó gbé wọn lọ. Ibi tómi ò dé, iná ràn mọ́ ọn, ó jó fún ọjọ́ bíi márùn-ún. Lẹ́yìn ẹ̀mí tó ṣòfò, èyí tó máa ń dùn mí jù ni àwọn ìwé tó wà láàfin, bí 70,000, gbogbo ẹ̀ ló lọ.

José, ọba Pọ́túgàl, ò sí láàárín ìlú lọ́jọ́ náà, ó yè é, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ilé olókùúta wọ̀ ọ́ lára débi pé ilé onípákó ló ń gbé lókè Ajuda títí tó fi wàjà ní 1777. Mínísítà ẹ̀, tá a wá mọ̀ sí Marquês de Pombal, ló gbájú mọ́ iṣẹ́. Ṣé ẹ rí àwọn títì tó tọ́ gbọnrangandan ní Baixa, àdúgbò tó wà láàárín ìlú Lisbon? Iṣẹ́ ẹ̀ ni. Inú ògiri àwọn ilé yẹn, igi ni wọ́n há mọ́ra bí àgò adìyẹ, gaiola ni wọ́n ń pè é, kílé lè máa bá ilẹ̀ mì láìwó, wọ́n tiẹ̀ kọ́ ọ̀kan wò, wọ́n ní káwọn sójà máa fẹsẹ̀ kilẹ̀ yí i ká bóyá ó máa dúró. Ó tún fi ìbéèrè ránṣẹ́ sáwọn àlùfáà káàkiri: ilẹ̀ mì fún ìṣẹ́jú mélòó, òkun kọ́kọ́ ru ni àbí ó fà sẹ́yìn, èèyàn mélòó ló kú. Ìdáhùn wọn ṣì wà ní Torre do Tombo, ilé àkójọ ìwé ìjọba, dòní. Ọkùnrin yẹn burú sáwọn alátakò ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ti ìbéèrè yìí, mo kan sáárá sí i.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún Carmo kọ́ lóòótọ́, ìjọba wá ti àwọn ilé mọ́ńkì pa ní 1834, nígbà tó di 1864 ó di mùsíọ́mù, wọ́n sì fi àárín ẹ̀ sílẹ̀ láìbò. Ó dáa bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Ká ní wọ́n bò ó ni, ẹ̀ bá kọjá níwájú ẹ̀, ẹ ò sì ní béèrè nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n, mo rí fótò sójà Pọ́túgàl tó ki òdòdó pupa bọ ẹnu ìbọn. Kí ló fà á?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

Àbúrò, iwájú Carmo yẹn náà lọ̀rọ̀ yìí parí sí. April 25, 1974, àwọn ọ̀gá sójà tí ogun Angola, Mozambique àti Guinea-Bissau, ilẹ̀ tí Pọ́túgàl ń ṣàkóso nígbà yẹn, ti sú gbàjọba lọ́wọ́ Marcelo Caetano, olórí ìjọba wọn, ó sá sí bárékè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, ibẹ̀ ló ti juwọ́ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ti òdòdó, Celeste Caeiro ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ kan tó pé ọdún kan lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọ̀gá ẹ̀ ní nígbà tí wọn ò ní ṣí, kí kálukú máa kó òdòdó tí wọ́n rà lọ sílé. Ló bá pàdé àwọn sójà lójú títì, ọ̀kan ní kó fún òun ní sìgá, kò ní sìgá, ó fún un ní òdòdó, sójà gbà á, ó kì í bọ ẹnu ìbọn, ni obìnrin náà bá ń pín ìyókù fáwọn tó kù.