Ṣé Táírọ́ìdì Lè Ṣí Èékánná Kúrò Lára Ẹran?

ÌBÉÈRÈ: Ẹni ọdún 46 ni mí, Abẹ́òkúta ni mo sì ń gbé. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí èékánná ọwọ́ mi ti ń ṣí kúrò lára ẹran, tí ara ń yún mi láìsí èélá kankan. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi, àfi kí n di nǹkan mú kí n tó lè dìde. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní táírọ́ìdì mi, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, ń ṣiṣẹ́ jù. Mi ò kúkú ní gẹ̀gẹ̀, ojú mi kò sì yọ síta. Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Robert Graves, dókítà ará Dublin, kọ̀wé nípa àìsàn yìí lọ́dún 1835, àwọn obìnrin tí ọrùn wọn wú, tí ọkàn wọn sì ń lù kìkì ló rí, àwòrán yẹn kò sì tíì kúrò lọ́kàn wa títí dòní. Ṣùgbọ́n gbogbo ara ni họ́mọ́ònù táírọ́ìdì, ìyẹn èròjà tí táírọ́ìdì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ń dé. Bí ó bá pọ̀ jù, ó máa ń sọ iṣan ńlá itan àti èjìká di aláìlágbára; ìdí nìyí tí ọwọ́ yín fi lè fún aṣọ dáadáa, tí ìdìde lórí ìkúnlẹ̀ tàbí gígun àtẹ̀gùn yóò sì di iṣẹ́ ńlá. Ìka tí à ń fi òrùka sí ni èékánná ti sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí, ọ̀pọ̀ a sì máa fi ìpara tọ́jú rẹ̀ lásán. Ọmú ọkùnrin mìíràn lè wú. Àgbàlagbà lè kàn dákẹ́, kó máa rù, kí wọ́n ní ọjọ́ orí ni.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ṣé ẹ ti ń lo oògùn irun àti èékánná tí bíótìn, irú fítámì kan, wà nínú rẹ̀? Bíótìn lè da àyẹ̀wò rú, kí èsì rẹ̀ fi hàn bíi pé táírọ́ìdì ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ sọ fún dókítà, kí ẹ dá a dúró fún ọjọ́ 2 ó kéré tán, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò.

Bí èsì bá ṣì rí bákan náà, tí wọ́n sì fún yín ní carbimazole, oògùn tó ń dín iṣẹ́ táírọ́ìdì kù, agbára itan yóò padà díẹ̀díẹ̀, èékánná ni yóò pẹ́ jù. Bí ọ̀fun bá ń dùn yín tí ara sì gbóná lásìkò tí ẹ ń lò ó, ẹ má ṣe pè é ní ibà kí ẹ lọ ra oògùn. Ẹ dá carbimazole dúró, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n lè ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ yín, àwọn tó ń bá àrùn jà, torí oògùn náà lè dín wọn kù.