Ojú ọjọ́ yí padà, kò yí padà, kí ló kan gọ́tà iwájú ilé mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin wolé-wolé. Onílé ni mí n'Ìbàdàn, ilé wa ò sì jìnnà sódò. Ní gbogbo ìpàdé àwa onílé, àyípadà ojú ọjọ́ ni wọ́n ń kọ lórin: ẹ má dáná sun pàǹtí, ẹ má da sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá, ẹ gbin igi. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ mí létí. Òjò ti ń bá wa jà láti ayé àwọn bàbá wa, oòrùn náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mú. Bó bá tiẹ̀ jóòótọ́, ṣé èéfín ààtàn tèmi ló fẹ́ ba ayé jẹ́ ni, àbí tàwọn iléeṣẹ́ ńláńlá lókè òkun? Kí ni màá rí jẹ nínú gbogbo wàhálà yìí? Ẹ bá mi wo ọ̀kan sí i: abẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn ni jẹnẹrétọ̀ wa ń wà, àwọn ọmọ sì ń pariwo orí fífọ́ láàárọ̀.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀ nípàdé yín. Ọ̀kan ni ti ojú ọjọ́ gbogbo ayé. Èkejì ni ti omi, èéfín àti ìdọ̀tí tó ń ti inú ọgbà yín jáde, tó sì ń padà wọlé tọ̀ yín. Ẹ lè máa ṣiyèméjì lórí ti àkọ́kọ́ títí ọdún yóò fi yípo. Ti èkejì ò ní dúró dè yín.

Ẹ jẹ́ n tètè kúrò lórí ti àkọ́kọ́. Láti ọdún 1958 ni wọ́n ti ń wọn carbon dioxide, ìyẹn gáàsì tó ń mú ayé gbóná, nínú afẹ́fẹ́ lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nígbà náà, nínú ìdá mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, nǹkan bí 315 ni. Ó ti kọjá 420 báyìí. Ooru ayé lápapọ̀ náà ti fi ju ìwọ̀n Celsius kan lọ ju bó ṣe wà láàárín 1850 sí 1900. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan. Ibi tí ẹ ti jàre ni pé tiwa níbẹ̀ kéré: gbogbo èéfín irú èyí tí Nàìjíríà ń tú jáde ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé iná ààtàn yín ló ń mú yìnyín ayé yọ́, àsọdùn ló ń sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí yìnyín la ṣe ní kẹ́ ẹ má sun ún.

Ẹ rántí odò Ògùnpa n'Ìbàdàn níbí. Ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, omi yẹn gbé ènìyàn tó lé ní igba lọ. Ta ló ń sọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ nígboro Ìbàdàn nígbà náà? Òjò pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó sọ òjò di ikú ni pé pàǹtí ti dí ojú odò, ilé sì ti rìn dé etí omi. Ní 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀: ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá a lọ, afárá já, odò kọjá ààyè rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbàrá ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Gbígbà tónílé ò ní gbà yẹn la ń bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọgbà yín. Òjò tó wọ mílímítà kan, lítà omi kan ló ń dà sórí gbogbo ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 669 níwọ̀n bẹ́ẹ̀. Bí òjò líle bá rọ mílímítà 50, ohun tó ju lítà 33,000 lọ ló dà sórí pulọ́ọ̀tì kan yẹn. Táńkà omi onílítà 10,000 mẹ́ta nìyẹn, ó sì tún ṣẹ́kù. Bí koríko bá wà nílẹ̀, ilẹ̀ á mu púpọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó kù á máa rọra jáde. Bó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì àti páànù lókè-nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé mẹ́wàá ládùúgbò bá ṣe bẹ́ẹ̀, lítà 330,000 ló ń lé ara wọn lọ sínú gọ́tà tí ò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Bẹ́ ẹ bá wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti máa pàdé. Interlock náà ò yàtọ̀ tó bí àwọn tó ń tà á ṣe ń wí. Ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ kì pinpin kí wọ́n tó tò ó, omi díẹ̀ báyìí ló ń ráyè gba àárín rẹ̀ wọlẹ̀.

Ẹ fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọgbà sílẹ̀ láìbò, kẹ́ ẹ gbin koríko síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti bò ó tán, ẹ gbẹ́ kòtò fún omi òrùlé: mítà kan ní ìbú, mítà kan ní òró, mítà kan ààbọ̀ ní jíjìn, kẹ́ ẹ kó òkúta tó tó ìkúùkù sínú rẹ̀. Àlàfo àárín òkúta á gba nǹkan bíi lítà 600. Kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé tó mítà mẹ́ta ó kéré tán, torí omi tó bá ń mu síbi ìpìlẹ̀ á mú kí ògiri la. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ tán, ẹ da garawa omi kan sísàlẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Bí omi ò bá tíì lọ lọ́jọ́ kejì, amọ̀ ló wà níbẹ̀, kòtò yẹn ò ní ṣiṣẹ́. Ẹ wá ibòmíràn tàbí kẹ́ ẹ gba omi náà sí dúrọ́ọ̀mù. Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ jù: kí wọ́n so omi òrùlé mọ́ sókàwéè ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, sókàwéè á kún, ohun tẹ́ ẹ fọ̀ lọ á sì padà yọjú nínú bàlùwẹ̀.

Gọ́tà wá ńkọ́? Bí gọ́tà bá jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí yanrìn sì ti gba 30 nínú rẹ̀, omi tó máa gbà kò tó ìdajì mọ́, torí omi tó wà ní pẹ́pẹ́pẹ́ kì í yára. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kíkó rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lókè, kí omi tó dúró lè máa ráyè lọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n sábà ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé ìmọ́tótó: wọ́n á kó yanrìn jáde, wọ́n á wa á kalẹ̀ sí etí gọ́tà, wọ́n á lọ jẹun. Òjò àkọ́kọ́ á fọ gbogbo rẹ̀ padà sínú. Kí yanrìn náà kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ lè fi irin ṣe asẹ́ síbi tí gọ́tà yín ti ń wọ gọ́tà títì, kí àlàfo àárín irin tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kó lè mú ọ̀rá píọ̀-wọ́tà àti ike. Ṣùgbọ́n ẹ máa kó o lẹ́yìn gbogbo òjò; tí ẹ kò bá ní kó o, ẹ má ṣe é rárá, torí òun fúnra rẹ̀ ló máa dí yín.

Ó kan iná ààtàn. Iná ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ò gbóná tó láti jó nǹkan tán. Ó ń rú ni. Nínú èéfín yẹn ni carbon monoxide, gáàsì olóró kan, wà, àti eruku èéfín tó kéré débi pé kò dúró nímú, ó ń lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí wáyà iná, páìpù PVC tàbí bàtà oníke bá wà níbẹ̀, oró kan tí wọ́n ń pè ní dioxin á wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ìyẹn kì í yára kúrò lára, inú ọ̀rá ara ló ń fara pamọ́ sí. Adìẹ tó ń jẹ̀ lórí eérú yẹn ń gbé e sínú ẹyin. Àwọn kan tún ń kó eérú ààtàn sídìí ewédú! Eérú igi nìkan ni ẹ̀fọ́ ń fẹ́, kì í ṣe ti bátìrì àti ike. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ táwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa dáná yìí gan-an ló burú jù, torí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ púpọ̀ nígbà náà. Èéfín á bà sílẹ̀, á gba ojú fèrèsé wọlé, ẹni tó ní ikọ́ fée ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ ya pàǹtí sọ́tọ̀, ẹ ó rí i pé ohun tó yẹ ní sísun fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́ tó ti bàjẹ́ àti ewé máa ń tó ìdajì ohun tí ilé kan ń dà nù. Ẹ gbẹ́ kòtò tàbí kẹ́ ẹ lu dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ níhò yíká. Bẹ́ ẹ bá da garawa èèpo tútù kan, ẹ da ewé gbígbẹ garawa mẹ́ta lé e. Kó tutù bí aṣọ tí wọ́n fún dáadáa, kó má kán. Ẹ fi ṣọ́bìrì yí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Bó bá kàn wà níbẹ̀ láìgbóná, ó gbẹ jù tàbí kó má tíì pọ̀ tó. Ẹran, ẹja àti òróró ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, eku ni wọ́n ń pè. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ilẹ̀dú ló máa dà. Ike, agolo àti irin, àwọn tó ń rà á ń kọjá lójúlé yín. Ìyókù tó máa kù fún ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí ò ní pọ̀, owó tẹ́ ẹ ń san náà á sì lè fúyẹ́.

Ẹ ò dárúkọ kànga, ṣùgbọ́n ilé tó bá wà nítòsí odò, omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kì í jìn. Kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tàbí sókàwéè tó mítà 30 ni wọ́n ń fẹ́. Pulọ́ọ̀tì wa ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Nígbà náà, ẹ fi kànga sápá òkè, kí ìgbọ̀nsẹ̀ wà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ti aládùúgbò náà kẹ́ ẹ tó gbẹ́. Bí àgbàrá bá ti wọ kànga lẹ́ẹ̀kan, ẹ má mu omi rẹ̀ láìsè é títí wọn yóò fi fa omi inú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n á sì da oògùn sí i. Onígbáméjì kì í bèèrè bóyá ẹ gba ojú ọjọ́ gbọ́.

Igi, ẹ gbìn ín bó bá wù yín: òjìji rẹ̀ á mú kí yàrá tutù lọ́sàn-án, gbòǹgbò rẹ̀ á sì di ilẹ̀ etí odò mú. Kí dóńgóyárò jìnnà sí ògiri àti sókàwéè tó mítà márùn-ún.

Ti jẹnẹrétọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe lónìí, kẹ́ ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú ohun tí mo ti sọ. Carbon monoxide ò ní òórùn, kò láwọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó ju igba lọ ju bí atẹ́gùn rere ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Orí táwọn ọmọ ń pariwo yẹn, àmì rẹ̀ ni mo fura sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èébì àti òòyì, lẹ́yìn ìyẹn oorun tí wọn kì í jí nínú rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ fèrèsé, kó jìnnà sílé tó mítà mẹ́fà, kí ojú èéfín rẹ̀ kọ̀yìn sí ilé, kó má sì sí nínú kọ́rídọ̀ tàbí yàrá kékeré kankan, bí ilẹ̀kùn ibẹ̀ tilẹ̀ ṣí. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ bá ọmọ tí kò jí dáadáa, ẹ gbé e jáde síta gbangba ná, kẹ́ ẹ tó máa wá ẹni tó máa pa jẹnẹrétọ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni.