Owó ni, àbí ọwọ́?

Bàbá Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀yọ́ kọ̀wé sí mi pé:

"Ọ̀rẹ́ mi láti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tó ń kọ ìwé ìtàn àti eré, ń ṣàìsàn kídìnrín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun ò fẹ́ fóònù, lẹ́tà ló ń kọ sí mi. Márùn-ún àkọ́kọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Ìkẹfà yìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló bá a kọ ọ́, kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ẹni tó ń fi bírò pupa gé 'aiye' di 'ayé' nínú lẹ́tà mi láti ìgbà tí àkọtọ́ 1974 ti jáde! Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni: 'Owo re ni mo n reti.' Owó ìfẹ̀yìntì mi ò tó mi jẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, n ò tíì fèsì, ojú ń tì mí. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin tún pè mí pé kí n kó àwọn lẹ́tà náà wá, àwọn fẹ́ tẹ̀ wọ́n jáde. Bẹ́ẹ̀, nínú ìkẹrin, bàbá rẹ̀ sọ ohun kan nípa rẹ̀ tí kò yẹ kó rí. Kí ni kí n ṣe?"

Bàbá mi, ẹ kú ìfaradà. Olùkọ́ Yorùbá ni yín, kì í ṣe èmi ni mo máa sọ fún yín pé owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti òwò kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹ mú owó nínú wọn nítorí pé owó ló ń jẹ yín lọ́kàn. Ẹ padà lọ ka márùn-ún àkọ́kọ́. Bí kò bá tọrọ kọ́bọ̀ nígbà tó ṣì lè di bírò mú, ṣé ìgbà tó ń pe ọ̀rọ̀ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ létí ni yóò wá máa tọrọ? Àgbàlagbà wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi, ọwọ́ yín ló ń retí, ìyẹn lẹ́tà yín.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín, ó lè jẹ́ owó. Ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún nítorí kídìnrín, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ní kó wá, owó ló sì ń sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú wa. Nítorí náà, ohun tí agbára yín bá ká, kì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ẹ fi sínú àpò ìwé, kí ẹ sì gbé e fún ọmọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó bá pọ̀.

Ẹ fúnra yín lọ. Ẹ wọkọ̀ láàárọ̀, ẹ ó ti wà ní Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí oòrùn tó mú. (Ọ̀nà yẹn á gbọn egungun yín díẹ̀.) Ẹ má ra ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání bí a ti máa ń ṣe fún aláìsàn o. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n sábà máa ń ka irú èso bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún un, omi pàápàá, wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má mú wòlíì dání náà. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀kọ yangan síwájú yín, ẹ mu ún, Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété lẹ wà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ka lẹ́tà àkọ́kọ́ sí i létí, kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́nu yín.

Ní ti ọmọ rẹ̀, ẹ má tíì kó nǹkan kan fún un, bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Bébà tó fi ránṣẹ́ sí yín ti di tiyín, ẹnikẹ́ni ò lè fipá gbà á. Ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀yin náà ò lè tẹ̀ ẹ́ jáde láìgbàṣẹ. Bó bá sì lọ, àwọn tó bá jogún rẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ náà: òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti ọdún 2022 fún wọn ní 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó bá kú. Ẹ rí i pé tó bá ti dákẹ́, àríyànjiyàn ló kù. Ẹ bi í nísinsìnyí, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, èwo ni ká tẹ̀, èwo ni ká sun. Ìkẹrin yẹn, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó dé ilé rẹ̀. Bóyá inú ló bí i tó fi kọ ọ́, inú náà sì lè ti rọ̀ báyìí.

Ẹ mú ìkẹfà dání pẹ̀lú bírò pupa kan. Ẹ gbé e fún un, kó fi àmì sí gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ bá a dì í mú.