Ẹrù Ìyá Kún Yàrá Mẹ́ta: Ìbéèrè Yín Lórí Títa Ohun Tí Òbí Fi Sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá wa ti re ibi àgbà ń rè. Ẹrù wọn kún yàrá mẹ́ta nílé wa n'Ísàlẹ̀-Ọ̀ṣun: àpótí aṣọ, abọ́ tánganran tí a ò lè kà tán, àwòrán ara ògiri. Ọkùnrin kan ní òun á san owó kan ṣoṣo, òun á sì kó gbogbo rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan. Àwọn àbúrò mi fẹ́ gbà. Kí lẹ rí sí i? (Àkọ́bí, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Ẹ má gbà o. Ẹni tó bá fẹ́ kó yàrá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ti rí ohun méjì tàbí mẹ́ta tí yóò dá gbogbo owó rẹ̀ padà. Iye tí abọ́ tó ti luhò tó ló máa fi díye lé ìyókù. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ara ohun díẹ̀ ni owó máa ń wà, kì í sì í sábà jẹ́ èyí tó ń dán jù.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó pọ̀. Bí ìyá ò bá fi ìwé ogún sílẹ̀, gbogbo ọmọ ló ni ẹrù náà, ẹnìkan ò lè dá a tà. Ẹ yọ ohun tí kì í ṣe tiwọn: àga ẹgbẹ́, ìkòkò ńlá tí wọ́n yá, wúrà tí ẹlòmíì fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun ìrántí kan. Àgbà ni kó kọ́kọ́ mú. Ìgbà tí ẹ bá ṣe èyí tán ni kí ẹ tó pe oníṣòwò kankan wọlé.

Aṣọ ni kí ẹ fi àkókò sí jù, nítorí ìlú aró la wà. Ẹ tú gbogbo èyí tí wọ́n ká, ẹ fọwọ́ tọ etí àti àpò rẹ̀. Ibẹ̀ làwọn ìyá wa máa ń fi wúrà àti rìsíìtì ilẹ̀ pamọ́ sí. Àmọ́ ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì lọ̀ ọ́. Àdìrẹ àtijọ́ tí wọ́n fi ẹlú rẹ, igi ni wọ́n fi ń lù ú títí á fi máa dán. Bí ẹ bá rì í sómi lẹ́ẹ̀kan péré, dídán yẹn á lọ, aró rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, bẹ́ẹ̀ dídán yẹn gan-an lẹni tó mọ àdìrẹ ń wò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ gidi? Abala méjì ni wọ́n sábà máa ń rán pọ̀, kọ̀ọ̀kan á tó yáàdì méjì ààbọ̀. Ẹ wá ojú rírán náà láàárín. Ojú kan ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ lé, kí aró má bàa mú ibẹ̀, nítorí náà ojú kejì máa ń dúdú jù, iṣẹ́ ara rẹ̀ kì í sì í hàn kedere. Bí ẹ̀yìn aṣọ bá funfun, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ béèrè orúkọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà àdúgbò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn wà lára rẹ̀, Olókun, Olóba, tó ti ara júbílì Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935 wá. Aṣọ tó ní orúkọ máa ń pa owó ju èyí tí kò ní lọ.

Ní ti aṣọ òkè, ẹ fa òwú kan ṣoṣo níbi tó ti tú létí, ẹ fi iná sí i. Bó bá ń rùn bí irun tó jó, ṣẹ́dà ni. Bó bá jó bí ìwé, tó di eérú, òwú lásán ni. Bó bá yọ́, tó di kókó líle, ọ̀rá ni wọ́n fi hun ún. Sányán tí wọ́n fi òwú lásán ṣe pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì sún mọ́ ti ṣẹ́dà.

Ẹ ká aṣọ àtijọ́ mọ́ ọ̀pá páálí, torí ojú ìṣẹ́po ló ti máa ń ya. Èyí tó ti bu, ẹ gbé e jìnnà sí ìyókù, kí ẹ sá a síbi atẹ́gùn lábẹ́ òjìji.

Títa abọ́ tánganran kò le: ẹ to èyí tí òdòdó wọn bára mu ní mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n á tà ju ẹyọ-ẹyọ lọ. Èyí tó ti bó tó sì dípẹtà ni ẹ lè tà lórí ìwọ̀n. Ẹ fi òòfà yẹ irin wò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́. Òòfà ò lè gbé idẹ àti bàbà, wọ́n sì níye lórí ju irin lọ. Ẹni tó bá wọ̀n wọ́n pọ̀ ń rẹ́ yín jẹ.

Ẹ má fojú kéré àwòrán ara ògiri o! 1962 ni Duro Ladipo, òṣèré orí ìtàgé, dá Mbari Mbayo, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Òṣogbo, látinú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ni Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami àti Rufus Ogundele ti di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àwòrán orí ìwé bóyá wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ síbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà bíi 5/20, ìyẹn ìkarùn-ún nínú ogún ẹ̀dà. Bí àwòrán bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fà á. Ẹ gbé e lọ tòun ti férémù.

Ẹ fún ẹrù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú ìwé kan, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti ibi tó ti bàjẹ́. Ẹ gba iye lẹ́nu ẹni mẹ́ta tí wọn ò mọra. Ẹ má gbé ẹrù sílẹ̀ títí owó á fi hàn nínú àkáǹtì. Fọ́tò ìsanwó kì í ṣe owó.

Ìbéèrè: Àwo orin bàbá mi pọ̀ gan-an. Ṣé kí n nù ún kí n tó tà á?

Ìdáhùn: Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nìkan ni kí ẹ fi gbọn eruku rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọtí ìfọgbẹ́ kan àwo 78 àtijọ́ (èyí tó ń yí ìgbà méjìdínlọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan) láé, nítorí ohun tí wọ́n fi ṣe é máa ń yọ́ nínú ọtí. Ó sì lè fọ́ bí abọ́ amọ̀ bó bá já bọ́. Ẹ gbé gbogbo wọn dúró bí ìwé lórí pẹpẹ, torí àwo tí wọ́n tò lé ara wọn máa ń tẹ̀. Ẹ yí ojú rẹ̀ síhà ìmọ́lẹ̀ fèrèsé: ìlà tí èékánná yín bá kọ́ á dún bí ẹ bá gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ. Páálí rẹ̀ náà ń mówó wá, ẹ má jù ú nù. Àwo Haruna Iṣọ̀lá tó kọ fún Ẹgbẹ́ Òròkí, ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ kan ní Òṣogbo, ní 1971 ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà mímọ́ rẹ̀ ló máa sọ iye rẹ̀.

Ìbéèrè: Ère ìbejì méjì àti oṣé Ṣàngó wà nínú ẹrù wa. Àlejò kan láti òkè òkun fẹ́ rà á.

Ìdáhùn: Ẹ dá a dúró ná. Lábẹ́ òfin 1979, iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe kó tó di 1918, tàbí èyí tó níye lórí tí wọ́n sì ti lò nínú ètùtù ìbílẹ̀, jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ ò gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé kò fún láṣẹ, kò sì gbọdọ̀ jáde nílẹ̀ yìí láìsí ìwé ìyọ̀ǹda wọn. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní Òṣogbo. Ẹ gbé fọ́tò àti ìwọ̀n gíga rẹ̀ lọ síbẹ̀, ẹ fi ère sílẹ̀ nílé, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ẹbí léèrè bóyá ojúbọ ẹbí ló ni ín.